Ìkòkò Ìjọba Wá Se Ẹkùn

Ọdẹ́wùmí kò tíì sọ ẹkùn kalẹ̀ tán tí ìkòkò ìjọba fi wọlé.

Kò kanlẹ̀kùn, nítorí kò lọ́wọ́ tí yóò fi kàn án. Ẹsẹ̀ irin mẹ́ta ni wọ́n ṣe fún un, ikùn rẹ̀ sì fẹ̀ ju agbada tí wọ́n fi ń din gàrí lọ. Ó rọra gun àtẹ̀gùn àgbàlá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, nígbà tó sì rí i pé àgbà wà níbẹ̀, ó kúnlẹ̀. Orúnkún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han gooro bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọdún tó kọjá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ewu igbó,” ni ìkòkò wí, pẹ̀lú ohùn ìyá àgbà kan tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé bàbá rẹ̀. “Etí tí wọ́n so mọ́ igi ló gbọ́ ìró ìbọn. Wọ́n ní kí n wá bá yín se é. Ata wẹẹrẹ ni kí n fi sí i ni, àbí tàtàṣé?”

Àwọn ọkùnrin tó fi igi gbé ẹkùn náà wá láti ìdí kànga ṣì ń nu òógùn. Sàráfátù, tí wọ́n torí ẹ̀ yìnbọn, jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń tún ìtàn náà sọ fún ara rẹ̀, ó sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ọdẹ́wùmí dúró ti ẹní tí ẹkùn dùbúlẹ̀ lé, ìbọn ìyá rẹ̀ wà léjìká.

Aṣọ ìró rẹ̀ ló wà lójú ẹkùn náà. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é ní Ìdí-Ẹmi nìyẹn. Ẹran mìíràn, tí ọdẹ bá yìn ín tó ṣubú, igi ni yóò fi tọ́ ọ lójú kó lè mọ̀ bóyá ó kú. Ẹkùn nìkan ni wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Bó bá ti ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ báyìí, aṣọ ni wọ́n máa sáré fi bò ó lójú, wọ́n á so ó mọ́ ọn lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kan ojú náà mọ́ títí Olúọdẹ yóò fi wá kí i. Ọlá ẹkùn ni. Ọdẹ́wùmí ti ṣe gbogbo rẹ̀ pé. Ó fi aṣọ bò ó, ó so ó ní kókó, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ariwo kẹ̀kẹ́ kan tún dún lókè òrùlé. Kẹ̀kẹ́ náà fò kọjá lórí páànù tó ń yí tẹ̀lé oòrùn, ó já sílẹ̀ gbì, ọkùnrin kúkúrú kan sì bọ́ sílẹ̀ nínú eruku, ó ń sín “hẹ̀tìṣọ̀” léraléra. Bísíríyù ni, ọ̀gá àwọn ìkòkò ìjọba ní gbogbo agbègbè náà.

“Ẹ káàsán o! Ta ló pa á?”

“Èmi ni, Ọ̀gá,” ni Ọdẹ́wùmí wí.

“Ẹ kú oríire, Ìyáàfin. Ẹ tún kú ọ̀fọ̀. Ẹ mọ Òfin Abọ́ Àkọ́kọ́?”

“Ta ni ò mọ̀ ọ́n?” ni Sàráfátù gbà á sọ látorí odó. “Ẹni tó pa ló máa jẹ abọ́ àkọ́kọ́, lójú ìkòkò, títí ìkòkò á fi rí ìsàlẹ̀ abọ́. Tí kò bá jẹ ẹ́, ìkòkò á gbé ìbọn ẹ̀ mì, ó sì di pé kò lè di ìbọn mú mọ́ láéláé. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń fi í kọrin.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dáná.”

“Iná kí lẹ fẹ́ dá?”

Ohùn yìí wá láti ẹnu ọ̀nà. Olúọdẹ Làmídì ló dé, arúgbó gíga, tó tẹ̀ díẹ̀ níbàdí bí ọrun tí wọ́n ti fà jù. Ó wọlé, ó yí ẹkùn náà po, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí Bísíríyù.

“Ní Ìdí-Ẹmi níbí, ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ kì í jẹ ohun tó ń dọdẹ. Ẹkùn ò ṣe é jẹ, ìkookò ò ṣe é jẹ, àṣá ò ṣe é jẹ. Ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Bí Wùmí bá fi ẹran yìí kan ètè, kò sí ọdẹ kankan tó máa bá a wọgbó mọ́, kò sí ẹni tó máa gba omi lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tán.”

“Bàbá, tí kò bá jẹ ẹ́, ìbọn lọ nìyẹn.”

“Tó bá jẹ ẹ́, ẹgbẹ́ lọ nìyẹn.”

Àwọn méjèèjì wá kọjú sí Ọdẹ́wùmí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé òun ló kó wọn jọ. Ìbọn yìí kò mọ àtàǹpàkò ẹlòmíràn yàtọ̀ sí tirẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Láti ìgbà tó ti ń gbé e, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń pa ẹran. Àwọn ẹfọ̀n tó ń yà sí oko ẹ̀gẹ́ ló ń dá padà, àwọn ọmọ tó sọnù sínú igbó ló ń wá rí. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń dá wọgbó láìsí ẹnìkan tí yóò súfèé dáhùn láti apá kejì.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni ìkòkò wí láti orí ìkúnlẹ̀, ó na ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi kan ẹ̀yìn ẹkùn. “Ẹran yìí gbóná o.”

“Ìbínú ni,” ni Olúọdẹ wí. “Ẹkùn kì í tutù bọ̀rọ̀.”

“Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́.”

Bísíríyù tún sín, ó fi apá aṣọ nu imú, ó sì kọjú sí Olúọdẹ. “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n bi yín. Kí ló sọ igbó di òfìfo nígbà ayé àwọn baba-ńlá wa? Wọ́n á pa ẹkùn, wọ́n á bó awọ, wọ́n á yọ eyín, wọ́n á fi ẹran sílẹ̀ fún eṣinṣin. Títí igbó fi dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú ẹ̀. Inú ìgò ni wọ́n ti tún ìran ẹkùn yìí bí ní Ilé Ìtúnbí! Èmi tí mo dúró yìí, mo ti fún ìyá-ìyá ẹ̀ ní wàrà mu. Wọ́n wá ṣe òfin: ẹni tó bá fẹ́ pa ohunkóhun, kó kọ́kọ́ rò ó pé òun máa jẹ ẹ́. Ẹnu á dá ọwọ́ dúró. Ṣé òfin burúkú nìyẹn?”

Olúọdẹ jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí àpótí.

“Mo gbọ́ ẹ. Àmọ́ ìwọ náà gbọ́ mi. Ẹran tó ń jẹ koríko, tí mo bá jẹ ẹ́, koríko ni mo jẹ. Ẹran tó ń jẹ ẹran ńkọ́? Kí la mọ̀ pé ó jẹ lánàá? Ó lè jẹ ajá. Ó lè jẹ òkú ọ̀bọ tó ti kún fún ìdin. Ó lè jẹ àna ẹ.”

“Àna mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.”

“Ẹkùn ò mọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni?”

Bísíríyù rẹ́rìn-ín. Ó wo ikùn ẹkùn. Àna rẹ̀ obìnrin kò tíì dáhùn ìpè rẹ̀ láti àárọ̀. “Aràn wà níbẹ̀ náà ṣá,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. “Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Ẹran ajẹran, aràn inú ẹ̀ máa ń... Háà. Ká sọ tòótọ́, Bàbá, kò yẹ kí èèyàn jẹ ẹ́.”

“Kò yẹ kẹ̀?” Olúọdẹ ti ń mi orí. “Bàbá tó bí mi lọ́mọ jókòó lórí awọ ẹkùn títí ó fi kú. Mo ń gbá a lójoojúmọ́. N ò bi í léèrè rí pé ẹran tó wà nínú awọ yìí dà. Òótọ́ lo sọ. Kí èèyàn pa ọba igbó kó sì jù ú nù bí èèpo iṣu, ìwọ̀sí ni. Kó jẹ ẹ́!”

“Kó má jẹ ẹ́!”

“Mo ní kó jẹ ẹ́, Bísíríyù!”

“Ó tì o, Bàbá! Kó má fẹnu kàn án!”

Sàráfátù dìde lórí odó. “Ẹ dúró ná, ẹ dúró. Ta ló wà lápá ibo báyìí? Olórí ọdẹ ní kó jẹ ẹ́, ìjọba ní kó má jẹ ẹ́. Ṣé ẹ ti pààrọ̀ fìlà ni?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ó hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ ti yí wọn lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó mọ ọ̀nà padà sí ilé ara rẹ̀ nínú wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni ìkòkò wí, “ìrù ẹkùn mì.”

“Afẹ́fẹ́ ni,” ni Bísíríyù wí. “Má já lu ọ̀rọ̀ àgbà.”

“Ẹ forí jì mí.”

Ọdẹ́wùmí ti ń retí pé ẹnìkan yóò bá òun pinnu. Bí ẹgbẹ́ bá fi agbára kọ̀ fún un, á dùn ún, ṣùgbọ́n á rọrùn. Bí ìjọba bá fi tipátipá nà án ní abọ́, á jẹ ẹ́, á sì rí ẹni bínú sí. Ní báyìí tí àwọn méjèèjì ti gba ara wọn gbọ́, òun nìkan ló kù. Ó rántí ìdí kànga. Sàráfátù bẹ̀rẹ̀, ó ń fa omi, ẹkùn sì jáde lẹ́yìn rẹ̀, kò sáré, kò bú ramúramù. Kí Ọdẹ́wùmí tó mọ̀ pé òun ti rí i, ìbọn ti dún.

“Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀,” ló wí.

Wọ́n yí sí i.

“Bí mo bá pa ẹtu, ebi ló ń pa mí. Mo lè wo ojú ẹtu náà kí n sọ fún un. Ẹkùn yìí, ebi kọ́ ló jẹ́ n yìn ín. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù bà mí nítorí Sàráfátù, mo sì máa tún un ṣe lọ́la tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. N ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá wá jókòó síbí, tí mo bu ata sí i, tí mo ń lá ọwọ́, mo ti sọ ẹ̀rù di oúnjẹ nìyẹn. Irọ́ ni. Bàbá Bísíríyù...”

“Èmi kì í ṣe bàbá ẹ, mi ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Òfin yín fẹ́ kí n mọ iye tí ẹ̀mí jẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìdí kànga. Wọn ò ní láti sè é kí n tó mọ̀. N ò jẹ ẹ́. Kì í ṣe nítorí ẹgbẹ́ o, Bàbá Olúọdẹ. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló ní kí n jẹ ẹ́, n ò ní jẹ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ n wa ilẹ̀ kí n sin ín.”

Ó bọ́ ìbọn léjìká. Igi ìdí rẹ̀ ti dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ àti tirẹ̀ ti máa ń fara tì í. Ó rìn lọ síbi ìkòkò, ó sì gbé e lé e lẹ́nu. Ìkòkò gbé e mì láìfẹ́, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń gbé oògùn kíkorò mì. Sàráfátù fi etí gèlè nu ojú. Olúọdẹ kọ ojú sí ògiri.

“Ṣé àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ tán?” ni ìkòkò béèrè.

“A ti sọ tán,” ni Olúọdẹ wí.

“Ó dáa. Ẹkùn yìí kò kú. Ó ti ń mí láti ìgbà tí mo ti dé. Mo fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ mi pé n ò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀.”

Lórí ẹní, ẹkùn na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó na ti òsì. Ó dìde.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ akíkanjú. Àwọn tó fi igi gbé ẹkùn wá kò gba ẹnu ọ̀nà jáde, orí ògiri ni wọ́n gbà, wọ́n sì gbàgbé igi wọn. Sàráfátù rọ́ sínú àgbá omi, ó fa ọmọrí lé orí ara rẹ̀. Bísíríyù, tí kò lè gun àtẹ̀gùn kó má mí hẹlẹhẹlẹ, ti wà lókè igi ìṣin tó wà láàárín àgbàlá, ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó di Olúọdẹ mú ní kọ́là aṣọ, ó sì ń fà á bí ẹni fa korobá.

“Ọ̀pá mi!” ni Olúọdẹ ń ké.

“Ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀, Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀!”

Ọdẹ́wùmí nìkan ló kù nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Aṣọ ṣì bo ẹkùn lójú, kókó ti tú díẹ̀, etí ìró náà sì ń wọ́ nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú. Ó gbé ẹsẹ̀, ó forí sọ odó, ó fọn imú fùú, ó yí padà. Ibi tó yí sí ni ìlẹ̀kùn yàrá tí ọmọ àbúrò Ọdẹ́wùmí ń sùn sí.

“Ìkòkò!” ni Ọdẹ́wùmí wí, ó rọra sọ ọ́. “Ìbọn mi.”

“Ẹran kò kú, nítorí náà kò sí ẹjọ́,” ni ìkòkò wí. “Ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́.” Ó pọ̀ ọ́, tùú, ìbọn sì bọ́ sí i lọ́wọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Yìn ín!” ni Olúọdẹ ké látòkè.

“Ẹ má yìn ín!” ni Bísíríyù ké. “Tẹ́ ẹ bá yìn ín, a tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni!”

Ó gbé ìbọn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ kan irin, ìbọn mọ̀ ọ́n, ó ṣí. Ẹ̀rù kan náà tó bà á ní kànga ló tún bà á báyìí, kò dín. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní báyìí ó rí i. Ó rí ẹ̀rù náà bí èèyàn tó dúró ti òun, ó sì rí ẹkùn lọ́tọ̀, tó ń wá ọ̀nà, tí kò mọ ibi tó wà. Ó ń rìn bí arúgbó tí wọ́n jí láàárín oorun nílé onílé.

Kò sọ ìbọn kalẹ̀. Ó rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ara dí ẹnu ìlẹ̀kùn yàrá, ó na ẹsẹ̀ kan, ó sì tẹ etí ìró tó ń wọ́ nílẹ̀.

Ẹkùn gbé ẹsẹ̀. Aṣọ dúró. Kókó tú.

Ó wo Ọdẹ́wùmí. Ìlà pupa kan gba iwájú orí rẹ̀ kọjá, níbi tí ọta ti ha á, tó mú un dákú, tí kò sì wọlé. Láàárín òun àti ẹkùn, ẹni tó bá na apá lè fi kan imú rẹ̀. Ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, bí koríko gbígbẹ àti irin. Ìka rẹ̀ wà lórí ìbọn, kò lọ, kò bọ̀.

“Ọ̀nà nìyẹn,” ló wí, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ògiri kúkúrú ẹ̀yìnkùlé. “Má pa dà wá sí kànga wa. Mo bẹ̀ ẹ́.”

Ẹkùn kò dáhùn, ẹkùn ni. Ó kọ ẹ̀yìn sí i láìkánjú, ó kọjá nídìí igi ìṣin, níbi tí ọ̀gá ìjọba àti olórí ọdẹ ti di ara wọn mú bí tọkọtaya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀, ó fo ògiri, ó lọ.

Ọmọrí àgbá ṣí díẹ̀. “Ṣé ó ti jẹ ẹnìkan?” ni Sàráfátù béèrè.

“Kò jẹ ẹnikẹ́ni,” ni Ọdẹ́wùmí wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “A ò sì jẹ ẹ́.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde látorí igi, ti Olúọdẹ, ẹ̀rín arúgbó tó dà bí ikọ́. Ti Bísíríyù tẹ̀lé e. Ọdẹ́wùmí náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìbọn wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ wà lórí igi, kò pàdánù ọ̀kankan.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni ìkòkò wí. “Ṣé mo lè já lu ẹ̀rín?”

“Sọ ọ́ kíákíá!” ni gbogbo wọn pariwo.

“Ìyáàfin Ọdẹ́wùmí ti kọ̀. Ẹran kò kú, ṣùgbọ́n kíkọ̀ ni kíkọ̀. Òfin ní ẹni tó bá kọ̀ gbọ́dọ̀ wá sọ ìdí rẹ̀ lójú Ìgbìmọ̀ Igbó. Àga kan wà níbẹ̀ fún un.”

“Àga wo?” Bísíríyù ń gbìyànjú láti bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ẹ̀ka. “Mi ò gbọ́ àga kankan rí.”

“Kò sẹ́ni tó jókòó lé e rí, Ọ̀gá. Gbogbo ọdẹ ló ń jẹ abọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á jẹ ẹ́ lójú wa, wọ́n á sì lọ bì í sẹ́yìn ilé. Àwa ìkòkò ń gbọ́ ọ. A ò sọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó bi wá.” Ó tún han gooro. “Ìgbìmọ̀ ti ń retí ẹni tó máa kọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe òfin náà. Ìdajì wọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹran ajẹran yẹn nínú òfin rárá.”

Ọdẹ́wùmí gbójú sókè. Ẹkùn kò bà á lẹ́rù tó báyìí. “Kí n lọ máa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn ńlá? Kí ni mo fẹ́ sọ?”

“Ohun tó o sọ níbí,” ni Olúọdẹ wí látòkè. Ohùn rẹ̀ kò ṣàwàdà mọ́. “Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Pé kí ohun tí a bá pa fún ebi di jíjẹ, kí ohun tí a bá pa fún ẹ̀rù di sínsin. Mo ti darúgbó sídìí èèwọ̀ yìí, n ò gbọ́ kí ẹnìkan wí i báyẹn rí. Tí wọ́n bá ní ta ló rán ẹ, sọ pé ẹgbẹ́ ọdẹ Ìdí-Ẹmi ni.”

“Sọ pé ọ̀gá ìkòkò wà lẹ́yìn ẹ,” ni Bísíríyù wí. “Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá àkàbà fún wa.”

Kò tíì di ìrọ̀lẹ́ gan-an nígbà tí Ọdẹ́wùmí gbéra. Ìkòkò ń lọ níwájú, ó ń ṣe gìrìgìrì, ikùn rẹ̀ ṣófo, inú rẹ̀ sì jọ pé ó dùn. Ọdẹ́wùmí ń wí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lábẹ́ ahọ́n: ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó, orúkọ mi ni Ọdẹ́wùmí, mo ti kọ̀. Ó kéré jù. Ó tún un sọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Níbi tí ọ̀nà ti ya kúrò létí igbó, ìkòkò dúró. Ipa ẹsẹ̀ ẹkùn wà nínú ẹrẹ̀, ó fẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ni. Láti abẹ́ igi ẹmi kan, ipa kéékèèké méjì, ti ọmọ ẹkùn, ti sáré jáde wá pàdé rẹ̀, wọ́n yí i po, yí i po, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi dàrú, kí gbogbo wọn tó jọ wọ inú koríko lọ.

Ìkòkò na ahọ́n, ó fi kan ilẹ̀. “Ṣé kí n jíṣẹ́ yìí fún Ilé Ìtúnbí?”

“Má ì tíì,” ni Ọdẹ́wùmí wí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ó má baà tẹ̀ wọ́n, ó sì mú ọ̀nà Ìgbìmọ̀ pọ̀n. “Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ délé.”